Kí Ni Ó Ń Lù? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìyára Orin, Àmì Ìdíwọ̀n àti Gígùn Bíìtì

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn tí ń kọ́ orin kíkà máa ń gbé tọ olùkọ́ wọn lọ, èyí tí ó ń padà wá lemọ́lemọ́ jùlọ ni pé, òǹkà méjì tí a tò léra wọn sí iwájú orin, bí 3/4 tàbí 6/8, ǹjẹ́ ó ń sọ bí orin ṣe gbọ́dọ̀ yá tó? Bí kò bá sì sọ ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ bí Adagio, Andante àti Allegro ń bá a ṣe pọ̀, kí sì ni òǹkà mìíràn tí a ń kọ tẹ̀lé wọn, tí yóò ní kí crotchet kan jẹ́ 80 nínú ìṣẹ́jú kan, ń wá láàárín wọn? Ó jọ ìbéèrè tí ọmọdé lè dáhùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù ti ń jiyàn lé e lórí láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, iná ìjiyàn náà kò sì tí ì kú títí di òní. Àwọn baba wa ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé orin rí, nítorí ohun tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jó o bí ó ti yẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ń lù nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan yìí, ohun tí ń lù, ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àgbéyẹ̀wò yìí: pé kò sí ẹni tí ó lè sọ bí orin kan ti yá tó, kí ó tó mọ irú nóòtì tí bíìtì orin náà jẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ibi tí a bá ti dà wọ́n pọ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èkínní ni bíìtì, èyí tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń gbọ́ orin ń kàn mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, tí ọwọ́ ọ̀gá akọrin sì ń fi hàn bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Èkejì ni àmì ìdíwọ̀n, ìyẹn òǹkà méjì tí mo mẹ́nu bà: ti òkè ń sọ iye nóòtì tí ó wà nínú báà kan, ìyẹn àyè tí ó wà láàárín ìlà òòró méjì, ti ìsàlẹ̀ ń sọ irú nóòtì tí a fi ń kà á, tí 2 fi dúró fún minim, tí 4 dúró fún crotchet, tí 8 sì dúró fún quaver. Ẹ̀kẹta ni ìyára, tí a ń fi ọ̀rọ̀ Ítálì sọ, tàbí tí a ń fi iye bíìtì inú ìṣẹ́jú kan kà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àmì ìdíwọ̀n ń fi bí a ti to àwọn nóòtì lẹ́sẹẹsẹ hàn, àti ibi tí agbára ohùn ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí crotchet kan yóò gbà, nítorí pé crotchet kò ní gígùn kan pàtó tí ó jẹ́ tirẹ̀: ìdajì minim ni, ìlọ́po méjì quaver sì ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bá mú ọmọ rẹ̀ kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n jọ ń lọ sí oko, ẹsẹ̀ ọmọ yóò kàn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ti bàbá tó kàn lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ wọn yóò jọ dé oko ni. Ẹni tí ó bá ń ka ẹsẹ̀ ọmọ yóò ní sáré ni wọ́n ń sáré. Ẹni tí ó bá ń ka ẹsẹ̀ bàbá yóò ní ìrìn gbẹ̀fẹ́ ni wọ́n ń rìn. Àwọn méjèèjì kò sì purọ́. Nínú orin, quaver, crotchet àti minim jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì jọ ń dé òpin báà pọ̀. Ìdí nìyí tí òǹkà ìyára kò fi ní ìtumọ̀ kankan títí a ó fi sọ ẹsẹ̀ ẹni tí a ń kà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń díjú fún akẹ́kọ̀ọ́ ni 3/4 àti 6/8. Báà kan nínú méjèèjì gba quaver mẹ́fà gééré, ẹni tí kò bá sì wò ju ìṣirò lọ yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n 3/4 pín mẹ́fà náà sí ọ̀nà mẹ́ta, méjì méjì, bíìtì rẹ̀ sì jẹ́ crotchet. 6/8 pín in sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta mẹ́ta, bíìtì rẹ̀, bí orin bá ti ń yá díẹ̀, sì jẹ́ crotchet tí a fi àmì tóótó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi ìdajì kún gígùn rẹ̀. Níhìn-ín ni a ti rí àbùkù ńlá kan nínú ọ̀nà tí a fi ń kọ orin: kò sí òǹkà kankan tí a lè fi sí ìsàlẹ̀ tí yóò dúró fún crotchet olóótótó yìí, nítorí náà a fi 8 síbẹ̀, tí ó jẹ́ òǹkà ọmọ, nígbà tí ẹsẹ̀ tí a ń gbọ́ jẹ́ ti bàbá. Ẹni tí ó bá gba òǹkà ìsàlẹ̀ gbọ́ pé òun ni bíìtì nígbà gbogbo yóò fi 6/8 ka mẹ́fà, yóò wá fi òǹkà ìyára tí a kọ fún méjì lu mẹ́fà, orin yóò sì wọ́ ju bí ó ti yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Èrò mẹ́ta ni ó gbilẹ̀ láàárín àwọn olórin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé òǹkà ìsàlẹ̀ ń sọ ìyára, pé 3/8 yá ju 3/4 lọ, tí 3/4 sì yá ju 3/2 lọ. Àwọn mìíràn takú pé kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ rárá, pé orin tí a kọ ní 3/8 ni a lè dà kọ ní 3/2 láìsí pé etí mọ ìyàtọ̀, bí a bá ti pààrọ̀ òǹkà ìyára rẹ̀. Àwọn ẹ̀kẹta ní láti ìgbà tí mẹ́tírónóòmù ti dé, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń ró kọ̀, kọ̀, kọ̀ láti ka bíìtì, àríyànjiyàn ti parí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ìwọ̀n òtítọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ dá ọ̀nà ìkọ̀wé yìí sílẹ̀, nítorí ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó.

Nígbà tí Franco ará Cologne kọ ìwé rẹ̀ lórí orin tí a ń díwọ̀n, ní nǹkan bí ọdún 1280, òun ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ gbọn-in pé ìrísí nóòtì fúnra rẹ̀ ni kí ó máa sọ gígùn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1320, ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Philippe de Vitry ní ilẹ̀ Faransé mú kí pípín sí méjì ní iyì kan náà pẹ̀lú pípín sí mẹ́ta. Nínú ètò tí ó ti ibẹ̀ jáde, òbìrí kíkún ni a fi ń ṣe àmì pípín sí mẹ́ta, òbìrí tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sì ni àmì pípín sí méjì. Òbìrí gígé yìí ni ó ṣì wà lójú ìwé orin wa títí di òní, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé lẹ́tà C ni. Bí a bá fa ìlà la àmì náà láàárín, ó ń sọ pé kí a ka nóòtì tí ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po méjì sí bíìtì kan. Nínú ayé ìgbà náà, kò sẹ́ni tí ń wá ọ̀rọ̀ ìyára, nítorí bíìtì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, èyí tí ọwọ́ ń fi hàn ní gbígbé àti sísọ̀. Gaffurius, olórin ìlú Milan, sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1496 pé semibreve kan, ìyẹn nóòtì tí ó tó minim méjì, tó lílù iṣan ẹni tí ń mí ní ìrọ̀rùn. Bíìtì dúró gbọn-in bí àpáta, àwọn àmì ni ó ń yí i ká.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn, nítorí òun ni gbòǹgbò ìdàrúdàpọ̀ tí ó bá wa títí di òní. Àwọn òǹkà méjì tí a ń tò léra wọn, ìfiwéra ni wọ́n jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí akọrin bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà tí ó bá pàdé 3/2, ohun tí ó ń sọ fún un ni pé kí ó fi nóòtì mẹ́ta sínú àyè tí méjì ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Òǹkà náà ń sọ ìyára nígbà náà, kò sì sí iyè méjì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí àwọn olórin ti ń fi nóòtì kéékèèké kọ orin síwájú sí i, tí bíìtì ń ṣí kúrò lórí semibreve bọ́ sórí minim, tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sórí crotchet, ìfiwéra náà sọ agbára rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, ó sì di àpèjúwe ohun tí ó wà nínú báà kan lásán. Àmì kò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yí padà. Àyè tí ó ṣófo sílẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì wá dí, láti orí èyí tí ó lọ́ra dé orí èyí tí ó yá: Largo, Adagio, Andante, Allegro, Presto. A kò fi wọ́n kún orin gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́; wọ́n dé nítorí pé àmì ìdíwọ̀n kò lè dá ẹrù náà rù mọ́.

Àgbà tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà jùlọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Johann Joachim Quantz, olùkọ́ fèrè Frederick Ọba Prussia, ẹni tí ó kọ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1752. Ó mú lílù iṣan ènìyàn gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ó sì kà á sí nǹkan bí 80 nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo bí ó ti fi òye ṣe é. Nínú orin onícrotchet mẹ́rin, bí a bá kọ Allegro assai, kí iṣan lù lẹ́ẹ̀kan fún minim kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kọ Allegretto, kí ó lù lẹ́ẹ̀kan fún crotchet. Bí a bá kọ Adagio cantabile, kí ó lù lẹ́ẹ̀kan fún quaver. Bí ó bá sì jẹ́ Adagio assai, kí ó lù lẹ́ẹ̀mejì fún quaver kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fa ìlà la àmì òbìrí gígé náà, kí gbogbo rẹ̀ ga sókè ní ìpele kan, tí lílù kan ti Allegro yóò fi jẹ́ semibreve, tí ti Allegretto yóò jẹ́ minim. Iṣan kò kúrò lórí 80 rẹ̀ nínú gbogbo èyí. Nóòtì tí ó bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni ó ń yí padà. Ọ̀rọ̀ Ítálì àti àmì ìdíwọ̀n jọ ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo ni: nóòtì wo ni yóò gba lílù kan? Èmi kò tí ì rí ẹni tí ó fi ìdè tí ó wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn ní kedere ju èyí lọ.

Johann Philipp Kirnberger, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Johann Sebastian Bach, gbé e ga sí i nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde láàárín 1771 àti 1779. Ó kọ́ni pé ìdíwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìyára tí a bí mọ́ ọn: 3/2 wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra, 3/4 fúyẹ́ jù ú lọ, 3/8 sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Èyí ni òtítọ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ní òǹkà ìsàlẹ̀ ń sọ ìyára. Ṣùgbọ́n Kirnberger kò dúró síbẹ̀. Ó ní a tún gbọ́dọ̀ wo àwọn nóòtì tí ó kéré jùlọ tí orin náà ń lò, nítorí orin tí semiquaver, ìyẹn ìdajì quaver, kún inú rẹ̀ kò lè yá tó èyí tí quaver jẹ́ nóòtì kíkéré jùlọ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì kan náà ni ó wà níwájú àwọn méjèèjì. Leopold Mozart, bàbá Wolfgang, ti sọ ohun tí ó sún mọ́ èyí nínú ìwé fayolíìnì rẹ̀ ti ọdún 1756, pé nínú orin kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, apá kan wà tí olóye yóò wò tí yóò sì mọ ìyára tí ó yẹ gbogbo rẹ̀. Ojú tí ó bá farabalẹ̀ ní í rímú.

Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀rọ mẹ́tírónóòmù dé. Dietrich Nikolaus Winkel ni ó ṣe irú rẹ̀ ní Amsterdam ní ọdún 1814, Johann Nepomuk Maelzel sì fi òṣùwọ̀n onílà sí i, ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1815, ó sì gbé e kiri Yúróòpù. Ẹni tí ó gbà á tayọ̀tayọ̀ ni Beethoven, ọmọ Bonn, olórin tí etí rẹ̀ dí ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò dí. Ní ọdún 1817 ó kọ̀wé sí Ignaz von Mosel, olórin ìlú Vienna, pé òun fẹ́ pa àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin nì tì, Allegro, Andante, Adagio àti Presto. Ní ọdún kan náà ni ó tẹ òǹkà ìyára gbogbo sínfónì mẹ́jọ tí ó ti kọ títí di ìgbà náà jáde nínú ìwé ìròyìn orin ti Leipzig. Òǹkà wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí ó dára jùlọ tí a ní lórí ọ̀rọ̀ tí à ń gbé yẹ̀ wò, n ó sì dúró lé wọn lórí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Allegro con brio, èyí tí ó ní kí orin yá kí ó sì ní agbára, kí a sì wo ibi márùn-ún tí Beethoven ti lò ó. Nínú apá kìn-ín-ní Sínfónì Kìn-ín-ní, àmì rẹ̀ ni òbìrí gígé onílà láàárín, ó sì fi minim sí 112. Nínú apá kìn-ín-ní Sínfónì Kejì, àmì rẹ̀ ni òbìrí gígé tí kò ní ìlà, tí gbogbo ìwé ní crotchet mẹ́rin ni, síbẹ̀ minim ni ó fi òǹkà sí, ní 100. Nínú apá kìn-ín-ní ti Ẹ̀kẹta, tí a ń pè ní Eroica, àmì rẹ̀ ni 3/4, ó sì fi odidi báà, ìyẹn minim olóótótó, sí 60. Apá kìn-ín-ní ti Ìkarùn-ún jẹ́ 2/4, odidi báà sì wà ní 108. Apá ìkẹyìn ti Ìkeje jẹ́ 2/4 pẹ̀lú, odidi báà sì wà ní 72. Bí a bá wá sọ gbogbo wọn di crotchet, kí a lè fi wọ́n wéra, a ó rí 224, 200, 180, 216 àti 144. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó yá jùlọ fi ju ìdajì lọ yá ju èyí tí ó lọ́ra jùlọ.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò ní Beethoven kò mọ ohun tí ó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ìkarùn-ún àti Ìkeje, tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu tí àmì ìdíwọ̀n wọn sì bára mu. Quaver ni ó gba ojú ìwé ti Ìkarùn-ún kan. Ní minim 108, quaver 432 ni yóò bọ́ sínú ìṣẹ́jú kan. Semiquaver ni ó kún ti Ìkeje bámúbámú. Ní minim 72, semiquaver 576 ni yóò bọ́ sínú ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà Ìkeje, tí ìṣirò crotchet sọ pé ó lọ́ra, ni ọwọ́ àwọn tafayolíìnì ti ń sáré jù. Ohun tí Kirnberger ti kọ́ni ní ogójì ọdún ṣáájú ni ó ń ṣẹ lójú wa yìí. Ẹ sì tún wo apá kìn-ín-ní Sínfónì Kẹsàn-án, tí òun náà jẹ́ 2/4: crotchet ni Beethoven fi sí 88 níbẹ̀, tí báà 44 fi ń kọjá nínú ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti Ìkarùn-ún jẹ́ 108. Àmì 2/4 kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan bíìtì jẹ́ crotchet, nínú èkejì bíìtì jẹ́ odidi báà. Àmì ìdíwọ̀n kò sọ èyí fún wa. Òǹkà ìyára pẹ̀lú nóòtì tí a so mọ́ ọn ni ó sọ ọ́.

Níbí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe kan tí ó ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Lára mẹ́tírónóòmù onígi, tí òǹkà rẹ̀ ń lọ láti 40 dé 208, àwọn tí ń ṣe é a máa kọ ọ̀rọ̀ Ítálì sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà: Largo láti 40 dé 60, Andante láti nǹkan bí 76 dé 108, Allegro láti nǹkan bí 120 dé 168. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á bí òfin. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òfin ni, Eroica tí Beethoven fi sí 60 yóò di Largo, nígbà tí Beethoven fúnra rẹ̀ kọ Allegro con brio sí i lórí! Ìlà tí ó wà lára ẹ̀rọ náà kò sọ nóòtì tí ó ń kà, ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Ítálì jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ìwà orin àti bí ohun gbogbo inú rẹ̀ ṣe ń rìn lápapọ̀. Òǹkà jẹ́ iye ẹsẹ̀ kan pàtó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti sọ nǹkan méjì di ọ̀kan.

Ìyà àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Apá kìn-ín-ní sònátà tí Beethoven kọ ní ọdún 1801, tí ayé ń fi orúkọ òṣùpá pè, ní Adagio sostenuto lórí rẹ̀, òbìrí gígé onílà láàárín sì ni àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní í rí Adagio tí wọn kì í rí ìlà náà. Wọ́n á fi crotchet ṣe bíìtì, wọ́n á sì wọ́ orin náà nílẹ̀ tí atẹ́gùn fi ń tán nínú rẹ̀. Carl Czerny, tí Beethoven kọ́ ní dùùrù, ti kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé nítorí ìlà yìí, bí Andante ni kí gbogbo rẹ̀ máa rìn. Adagio náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n minim ni a sọ ọ́ fún. Àwọn akọrin tiwa tí ń kọ Messiah tí Handel kọ ní ọdún 1741 náà ń bá irú rẹ̀ pàdé: Larghetto ni a kọ sórí orin tí ó sọ pé Olùràpadà mi ń bẹ láàyè, tí ó jẹ́ 3/4, Larghetto náà ni a sì kọ sórí èyí tí ó sọ ti olùṣọ́-àgùntàn tí yóò bọ́ ọ̀wọ́ ẹran rẹ̀, tí ó jẹ́ 12/8. Bí ọ̀gá akọrin bá gbé òǹkà tí ó fi lu crotchet nínú ti àkọ́kọ́, tí ó fi lu quaver nínú ti èkejì, agbo àgùntàn náà kò ní kúrò lójú kan.

Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn olórin tú okùn tí ó so bíìtì mọ́ àmì ìdíwọ̀n sílẹ̀ pátápátá. Kí ó tó di ìgbà náà, Tchaikovsky, olórin ará Rọ́ṣíà, ti kọ odidi apá kan Sínfónì Kẹfà rẹ̀ ní 5/4 ní ọdún 1893, ó sì fi crotchet sí 144. Nígbà tí Béla Bartók, ará Hungary, yóò fi kọ àwọn ijó mẹ́fà ti Bulgaria tí ó parí Mikrokosmos, àkójọ orin dùùrù rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1940, ìka kò dọ́gba, bíìtì náà kò dọ́gba mọ́: nínú ọ̀kan, quaver mẹ́rin, méjì àti mẹ́ta ni àwọn bíìtì mẹ́ta inú báà. Bíìtì mélòó ni a ó wá ní ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọ̀kan gùn ju èkejì lọ? Quaver nìkan ni ó kù tí a lè fi ẹ̀rọ kà, nítorí òun nìkan ni kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí àmì ìdíwọ̀n rẹ̀ ń yí padà láàárín ọ̀nà. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó dúró, bóyá quaver àná dọ́gba pẹ̀lú quaver òní, tàbí crotchet àná dọ́gba pẹ̀lú crotchet olóótótó òní, nítorí ìyára méjì tí ó yàtọ̀ gédégédé ni yóò ti inú méjèèjì jáde. Elliott Carter, ará Amẹ́ríkà, sọ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ di òpó ilé nínú sònátà sẹ́lò rẹ̀ ti ọdún 1948.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọmọ Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀ igi, kò fi òǹkà kankan síwájú ìlù wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó mọ ijó jó tí ó ń ṣì í tẹ̀. Ìlù kónkóló tí agogo tàbí omele ń di mú ń lu ẹ̀ẹ̀méje nínú àyè kéékèèké méjìlá. Nígbà tí a bá fẹ́ kọ ọ́ sórí ìwé, àwọn kan á fi 6/8 kọ ọ́, àwọn mìíràn á fi 12/8 kọ ọ́. Àríyànjiyàn kan náà ń bá àwọn tí ń kọ bàtá Kúbà sílẹ̀, níbi tí ìlù kékeré tí wọ́n ń pè ní okónkolo ti ń di ìpìlẹ̀ mú. Nígbà tí A. M. Jones kọ ìwé rẹ̀ lórí orin Áfíríkà ní ọdún 1959 láti inú ohun tí Desmond Tay, onílù Ewe, fi hàn án, ó fún ìlù kọ̀ọ̀kan ní ìlà báà tirẹ̀, tí wọn kò pàdé ara wọn. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e sì fi hàn pé ẹsẹ̀ oníjó ni ó so gbogbo wọn pọ̀, tí ó ń pín méjìlá náà sí mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta. Ẹsẹ̀ oníjó yìí ni bíìtì. Àwọn àgbà wa tí ó gbé orin Yorùbá sórí ìwé, bí T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó lu dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti Fẹlá Ṣówándé, kò lè kọ báà kan ṣoṣo láìkọ́kọ́ pinnu ohun tí wọn yóò pè ní bíìtì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn akọrin ìjọ wa ti mọ̀ tipẹ́, ìyẹn sólfà, tí John Curwen gbé jáde ní England láti inú iṣẹ́ Sarah Glover ará Norwich. Nínú sólfà, kò sí òǹkà méjì tí a tò léra wọn. Ìlà gbọọrọ ń fi bíìtì tí ó lágbára hàn, tóótó méjì ń fi èyí tí ó rọ̀ hàn, tóótó kan ń pín bíìtì sí méjì, a sì ń kọ M pẹ̀lú òǹkà sókè láti fi iye bíìtì inú ìṣẹ́jú hàn. Bíìtì ni a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín, ohun gbogbo yòókù sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti máa ń fojú tín-ín-rín sólfà nítorí pé kò lè gbé ohun tí ó díjú, òótọ́ sì ni; ṣùgbọ́n nípa ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa yìí, ó ṣe tààrà ju ìwé onílà márùn-ún lọ, ẹni tí ó bá sì ti sólfà bọ́ sórí ìlà márùn-ún kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ níbẹ̀.

Kí wá ni ìdájọ́? Àwọn tí ó ní àmì ìdíwọ̀n ń sọ ìyára jàre fún orin àtijọ́, láti ayé òbìrí dé ayé Quantz àti Kirnberger. Ṣùgbọ́n ìtọ́kasí ni ó jẹ́, kì í ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dá nìkan sọ ọ́ rí láti ìgbà tí ìfiwéra ti kú. Àwọn tí ó ní kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ jàre nínú ìṣirò nìkan. Ẹni tí ó bá dà orin 3/8 kọ ní 3/2 kò yí ìṣirò padà, ṣùgbọ́n ó ti yí ohun tí ó sọ fún ọwọ́ àti ọkàn olórin padà, nítorí ojú tí ó rí minim ń kọ ọ́ gbọọrọ, ojú tí ó rí quaver sì ń ta á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Àwọn tí ó ní mẹ́tírónóòmù ti parí ọ̀rọ̀ jàre nígbà tí ẹni tí ó kọ orin fúnra rẹ̀ bá so òǹkà mọ́ nóòtì kan. Bí a bá ti já nóòtì náà kúrò, òǹkà kò wúlò mọ́.

Nítorí náà, mo rọ gbogbo ọ̀gá akọrin àti olùkọ́ orin wa pé kí wọ́n má ṣe máa kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Ítálì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n kọ́ ọ ní òǹkà méjì lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n sì fi mẹ́tírónóòmù lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta, bí ẹni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọra. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wo àmì ìdíwọ̀n kí ó lè mọ bí báà ti pín. Kí ó wo àwọn nóòtì kíkéré jùlọ inú orin kí ó lè mọ bí ẹrù inú báà ti wúwo tó. Kí ó wo ọ̀rọ̀ ìyára kí ó lè mọ ìwà rẹ̀. Kí ó ti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yan nóòtì tí yóò gba lílù kan, kí ó kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó béèrè pé mélòó nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tẹ̀ lé ètò yìí, ìbéèrè ìkẹyìn náà kò ní le fún un mọ́, òǹkà tí yóò sì fi dáhùn rẹ̀ kò ní ṣì í lọ́nà.